Agbaṣẹ́ṣe mú àfikún ₦6.4 mílíọ̀nù wá bá mi: èwo ló kàn mí níbẹ̀?

OníléAkóbọ̀ · Ọjọ́ Ajé, 6:52 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ibí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó fi ìbínú ṣe ohun tí màá kábàámọ̀ rẹ̀.

Mò ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oníyàrá mẹ́rin lọ́nà Akóbọ̀. Oṣù Kọkànlá 2023 ni èmi àti agbaṣẹ́ṣe fohùn ṣọ̀kan sí ₦38 mílíọ̀nù, láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé àti rẹ́ńdà. Oṣù Kejìlá la bẹ̀rẹ̀, a sì ti da dẹ́kìn (ilẹ̀ kọnkéré ti òkè) báyìí. Lánàá, bí mo ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó mú ìwé kan wá bá mi nílé. Ó ní àfikún ₦6,400,000 ni òun ń retí kí òun tó lè gbé búlọ́ọ̀kù òkè. Ohun tó kọ síbẹ̀ rèé:

Ìpìlẹ̀ igun ẹ̀yìn tó lómi, ₦1,850,000.
Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àlejò àti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ₦1,400,000.
Sìmẹ́ǹtì tó gbówó lórí, àpò 500, ₦4,200 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦2,100,000.
Pílà méjì tí a wó tí a tún dà, ₦450,000.
Sọ́kàwéè (kòtò omi ìdọ̀tí) tí a gbé kúrò níbi tó wà nínú pláànù, ₦600,000.

Mi ò sọ pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Mo fojú ara mi rí omi yẹn. Ṣùgbọ́n kí la wá ń pè ní àdéhùn, bí iye bá lè fò sókè báyìí? Mo ti ń rò ó pé kí n lé e, kí n gbé ẹlòmíràn wá.

ỌmọOlúyọ̀lé · 7:30 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má san kọ́bọ̀. ₦38 mílíọ̀nù lẹ jọ sọ, ₦38 mílíọ̀nù náà ni. Agbaṣẹ́ṣe ni, iṣẹ́ tó ń jẹ ni. Ó yẹ kó ti wo ilẹ̀ kó tó dá iye lé e. Ẹ̀gbọ́n mi kan lọ́nà Ológunẹ̀rú bẹ̀rẹ̀ sí í san irú àfikún bẹ́ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò mọ ìgbà tó san ilé kejì. Títí di òní, òrùlé ò tíì bo ilé náà. Ó dùn mí wọ eegun ni mo ṣe ń sọ ọ́ báyìí.

BíríkìlàÀgbà · 8:11 àárọ̀

Ẹ kú ìnáwó o, ọ̀gá wa. Ilé á tura.

Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń mọlé ní Ìbàdàn yìí. Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín: ẹ má tíì lé ọmọ yẹn. Ẹni tẹ́ ẹ bá gbé wá rọ́pò rẹ̀ á kọ́kọ́ bú iṣẹ́ tó bá nílẹ̀, á ní kí ẹ wó díẹ̀ níbẹ̀, lẹ́yìn náà á wá da owó tiẹ̀ lé e. Mo ti rí i láìmọye ìgbà.

Ẹ̀yin ọmọ Olúyọ̀lé, òótọ́ lẹ sọ pé ó yẹ kó wo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ìbàdàn kì í ṣe ojú kan. Mo gbẹ́ ìpìlẹ̀ kan rí l'Ápẹ̀tẹ̀. Níwájú, ilẹ̀ pupa tó le bí àpáta ni, ṣọ́bìrì ń ta padà lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ẹ ò ní rin ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ sẹ́yìn tí amọ̀ dúdú fi bẹ̀rẹ̀. Mo fi irin 12 milimítà gún un báyìí, ó wọlé bí ìgbà tí èèyàn bá ti ìka bọ àmàlà gbígbóná, tí irin náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ojú ilẹ̀ méjèèjì ò yàtọ̀ síra kó tó di pé a gbẹ́ ẹ: koríko kan náà, àgbàdo kan náà ni wọ́n gbìn sórí ẹ̀. Ta ni ò bá ti mọ̀?

QS_Bódìjà · 9:45 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ kú àárọ̀ o bàbá wa BíríkìlàÀgbà. Iṣẹ́ QS tí mò ń ṣe ni kí n máa ṣírò iye tí ilé máa jẹ kí a tó kọ́ ọ àti nígbà tí a bá ń kọ́ ọ, nítorí náà irú ìwé tí wọ́n mú wá bá yín yìí ni mò ń kà lójoojúmọ́.

Ohun tó ń fa ìjà ni pé wọ́n ti da nǹkan márùn-ún tí ìyá tó bí wọn yàtọ̀ síra sínú apẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo, wọ́n wá kọ ₦6.4 mílíọ̀nù sí ẹnu rẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹ̀ ń san án pátá, ẹ ó ṣe ara yín níbi. Bí ẹ bá ní ẹ ò san kọ́bọ̀, ẹ ó ṣe ẹni ẹlẹ́ni níbi, iṣẹ́ á sì dúró. Ẹ jẹ́ ká tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ká bi í léèrè: níbo lo ti wá?

Àyípadà kan wà tó jẹ́ pé onílé ló fẹ́ ẹ. Ẹ ní kí wọ́n fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kún un, wọ́n fi kún un, ẹ̀yin lẹ ó san án. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ilẹ̀ ló gbé e jáde, ohun tí ojú ò lè rí kí wọ́n tó gbẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ la ti ń wo ìwé àdéhùn, ká mọ ẹni tó gbà láti ru ẹrù ohun tó pamọ́. Òmíràn wà tó wá láti inú pláànù: akitẹ́ẹ̀tì yà á báyìí, ẹnjiníà yà á bẹ́ẹ̀ yẹn, kò sì sẹ́ni tó gbé méjèèjì lé ara wọn wò. Èyí pọ̀ ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ, ẹ̀yìn onílé ló sì máa ń pa dà sí, nítorí òun ló gba àwọn tó ya pláànù síṣẹ́. Òmíràn tún wà tó jẹ́ àṣìṣe agbaṣẹ́ṣe fúnra rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àyípadà rárá, àtúnṣe ni, òun ló sì ni ín.

Ní ti sìmẹ́ǹtì, mo fẹ́ kí gbogbo wa fetí sí èyí. Iṣẹ́ ò yí padà níbẹ̀. Ògiri tí ẹ fẹ́ mọ náà ni wọ́n ń mọ, dẹ́kìn tí ẹ fẹ́ dà náà ni wọ́n dà. Ọjà ló yí. Nínú àdéhùn tó bá gún régé, ìlà ọ̀tọ̀ ni a máa ń kọ fún un, ó sì ní bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kejì 2024: sìmẹ́ǹtì kọjá ₦10,000 níbi púpọ̀, títí ìjọba àpapọ̀ fi pe àwọn tó ń ṣe é jókòó, tí wọ́n sì fẹnu kò sí ₦7,000 sí ₦8,000. Kò sí agbaṣẹ́ṣe tó lè rí ìyẹn láti oṣù Kọkànlá.

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dá mi lóhùn: kí ni ìwé yín sọ nípa ọjà tó bá gbówó lórí? Àpò mélòó ló ti wà ní sáìtì kí owó tó fò? Ta ló ní kí wọ́n wó pílà, kí ló sì sọ pé ó fà á? Ṣé wọ́n ti gbẹ́ sọ́kàwéè síbi àkọ́kọ́ kí wọ́n tó gbé e kúrò?

ỌmọÌbàdànLókèÒkun · 11:20 àárọ̀

Ẹ kú ìjíròrò. Ìdí tí mo fi dá sí i ni pé èmi náà kọ́lé láti òkè òkun síhìn-ín, lọ́nà Elébu, àbúrò mi ló sì ń bá mi bójú tó o. Gbogbo àyípadà tó wáyé nílé yẹn, orí fóònù la ti sọ ọ́. Mo máa pe àbúrò mi: “Sọ fún wọn kí wọ́n gbé ògiri yẹn síwájú díẹ̀.” Àbúrò mi á sọ fún fóòmáànù. Fóòmáànù á sọ fún bíríkìlà. Nígbà tí owó dé, “díẹ̀” ti di ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, òrùlé sì ti yí padà nítorí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn o. Ọ̀rọ̀ tó bá gba ẹnu èèyàn mẹ́ta kọjá ni kò dé bó ṣe kúrò nílé.

Láti ìgbà náà, mi ò sọ ohunkóhun tó bá kan iṣẹ́ láìkọ ọ́. Mo dá WhatsApp kan sílẹ̀ tí a ò ti gbọ́dọ̀ kíra wa, tí a ò ti gbọ́dọ̀ fi fídíò ẹ̀rín ránṣẹ́, iṣẹ́ nìkan. Bí mo bá fẹ́ nǹkan, mo kọ ọ́ síbẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe á kọ iye àti ọjọ́ tó máa fi kún un. Mo kọ “mo gbà”. Ìgbà náà ni wọ́n tó lè fọwọ́ kàn án.

OníléAkóbọ̀ · 1:05 ọ̀sán

Ẹ ṣeun púpọ̀, QS. Mo ti lọ sí sáìtì, mo sì bá fóòmáànù sọ̀rọ̀ sùúrù.

Ìwé wa sọ pé: “Bí ọjà bá gbówó lórí púpọ̀, àwọn méjèèjì yóò jókòó sọ ọ́.” Kò sí ìṣirò kankan níbẹ̀. Àpò 200 la ti rà ní ₦5,300 nínú oṣù Kìíní, wọ́n tò ó sínú yàrá pákó tó wà ní sáìtì, mo sì ní risíìtì rẹ̀. Ìyókù, 300, ni wọ́n rà ní ₦9,500. Nítorí náà ó ti ka 200 tí owó rẹ̀ ò fò mọ́ ọn.

Sọ́kàwéè, wọn ò gbẹ́ ẹ rárá síbi àkọ́kọ́. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ ẹ ni ìyá tó ń gbé lẹ́yìn wa fi ohùn pẹ̀lẹ́ pè wọ́n pé kànǹga òun wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì níbẹ̀. Mo lọ wò ó. Kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ojú tì mí pé gbogbo àkókò tí mo fi ní ilẹ̀ yẹn, mi ò yọjú wo ẹ̀yìn fẹ́ǹsì rí.

Pílà ni inú mi ò dùn sí. Ẹnjiníà wa wá, ó ní irin inú wọn ò tó, kí wọ́n wó méjèèjì. Ìyẹn àṣìṣe agbaṣẹ́ṣe ni, àbí? Kí ló fi gbé e wá bá mi?

Ẹnjiníà_RìngìRóòdù · 3:40 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ẹ tó ní àṣìṣe agbaṣẹ́ṣe ni, ẹ wá pláànù tó wà lọ́wọ́ fóòmáànù ní sáìtì. Ẹ wo ọjọ́ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ẹnjiníà yín bóyá pláànù kan náà ni òun fi ṣàyẹ̀wò. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, òun ni àgbà òṣìkà.

Ní ti ilẹ̀, mo fẹ́ fi kún ohun tí bàbá BíríkìlàÀgbà sọ. Àpáta àtijọ́ ni Ìbàdàn jókòó lé. Níbi tó bá ga, àpáta yẹn ti jẹrà di ilẹ̀ pupa tó dára fún ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú yìí kún fún odò: Ògùnpa, Ọ̀nà, Ògbẹ̀rẹ̀, Kúdẹtì àti àwọn ẹ̀ka wọn, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í lómi nígbà ẹ̀rùn débi tí èèyàn fi máa mọ̀ pé ojú odò ni. Amọ̀ ló máa ń wà ní ẹ̀bá wọn, a máa wú bí òjò bá rọ̀, a sì máa là bí ẹ̀rùn bá dé. Àwọn àgbà wa rántí ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980 tí Ògùnpa ya wọlé. Èmi fúnra mi rí ti ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀pọ̀ onílé tó mọ bí ilẹ̀ wọn ṣe súnmọ́ odò tó.

Ohun tí mo máa ń bẹ onílé sí ni pé kí a tó sọ iye, kí wọ́n gbẹ́ ihò mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí àwọn igun ilẹ̀, kó jìn tó mítà méjì, kí wọ́n dáàbò bò ó kí ọmọdé má baà kó sí i, kí wọ́n fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí omi bá ti sun sínú rẹ̀ mọ́jú, a ti mọ. Bí amọ̀ bá wà, a ti rí i. Lébìrà méjì, ọjọ́ kan. Fún pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó yẹ kí a gbé ẹ̀rọ tó ń dán ilẹ̀ wò wá pàápàá. Ọ̀pọ̀ onílé á sọ pé “ilẹ̀ ọmọ onílẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ò ní wàhálà”. Ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kì í ṣe ilẹ̀ yín.

Ẹ tún kíyè sí i: ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀ yín, omi sì sun. Bí ó bá jẹ́ oṣù Kẹsàn-án ni, omi ì bá sún mọ́ òkè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Plọ́ḿbàMọ́níyà · 5:15 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fojú kéré ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn. Èmi ni wọ́n máa ń pè bí onílé bá ti sọ pé “ẹ kàn bá mi fi kékeré kan sábẹ́ àtẹ̀gùn”.

Páìpù ìdọ̀tí ìnṣì mẹ́rin kì í tẹ́jú. Bó bá ti ń rin mítà kan, ó gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ bí ìnṣì kan, kí ìdọ̀tí má baà dúró sínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ mítà mẹ́sàn-án ni sí sọ́kàwéè, ìnṣì mẹ́sàn-án nìyẹn. Bí wọ́n bá ti da kọnkéré ilẹ̀ tán kí ẹ tó sọ̀rọ̀, níbo ni ìnṣì mẹ́sàn-án máa gbà? Wọ́n á gé ilẹ̀ tí wọ́n ti dà, wọ́n á lu ògiri ìpìlẹ̀ já, wọ́n á wá páìpù afẹ́fẹ́ tó máa gun òkè lọ gba inú dẹ́kìn. Ó nílò fèrèsé, fèrèsé nílò líntẹ̀lì (kọnkéré onírin tó ń wà lórí fèrèsé). Ó nílò iná, oníná á tún ògiri gé. Omi tó máa wọ ibẹ̀ náà ńkọ́? Gbogbo rẹ̀, nítorí yàrá tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́fà lọ.

Tí ẹ bá sọ ọ́ nígbà tí ó ṣì wà lórí ìwé, páìpù kan ni mo máa fi kún un kí wọ́n tó da ilẹ̀, ó tán. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan náà ni o.

QS_Bódìjà · 7:02 alẹ́

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin Plọ́ḿbà. Ohun tí mo fẹ́ kí onílé rí gan-an nìyẹn. Owó tí àyípadà kan máa jẹ ò sí nínú bó ṣe tóbi tó, ìgbà tó dé ló ń sọ iye rẹ̀.

Nítorí ìyẹn, OníléAkóbọ̀, ẹ bi í bóyá ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná yí kí búlọ́ọ̀kù tó dé ibẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ti bí a ṣe ń sọ iye: kì í ṣe kí agbaṣẹ́ṣe kàn jókòó kó kọ iye tó bá wù ú. Ìlànà tí àwa ń tẹ̀ lé ni pé bí iṣẹ́ tuntun bá jọ èyí tó wà nínú ìwé iye iṣẹ́, iye tí a ti jọ sọ fún un la ó lò. Bí kọnkéré ìpìlẹ̀ bá jẹ́ iye báyìí ní mítà kúbíìkì kan nínú àdéhùn, iye yẹn náà ni ti igun ẹ̀yìn. Bí ipò iṣẹ́ bá yàtọ̀, bíi pé omi wà níbẹ̀ tí wọ́n gbé pọ́ǹpù wá, a ó fi owó pọ́ǹpù kún un. Bí kò bá sí ohun tó jọ ọ́ rárá, ìgbà náà la ó ka àwọn òṣìṣẹ́, ọjọ́ tí wọ́n lò àti ohun èlò, pẹ̀lú risíìtì, kí a wá fi èrè tó bójú mu lé e. Ẹ wọn gígùn, fífẹ̀ àti jíjìn. Bí wọ́n bá ti dí i, ẹ wá àwòrán tí wọ́n yà nígbà tí kòtò ṣì wà ní gbangba.

Iṣẹ́Ọ̀nà_Mápó · 8:30 alẹ́

Iṣẹ́ ọ̀nà títì àti afárá ni mò ń ṣe, mo kàn fẹ́ fi bí àwọn iṣẹ́ ńlá ṣe ń yẹra fún irú èyí hàn. Nínú ìwé àdéhùn FIDIC (ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà àgbáyé) ti 1999 tí a máa ń lò, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ tí agbaṣẹ́ṣe gbà pé ó yẹ kí òun gba owó tàbí àkókò sí i, ó ní ọjọ́ 28, láti ìgbà tó ti mọ̀ tàbí tó yẹ kó ti mọ̀, láti fi ìwé sọ ọ́. Bí ọjọ́ 28 bá kọjá tí kò sọ nǹkan kan, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti lọ. Lẹ́yìn náà ni yóò kó àlàyé àti ìṣirò rẹ̀ wá, láàárín ọjọ́ 42 láti ìgbà kan náà tó ti mọ̀ tàbí tó yẹ kó ti mọ̀. Kò sì gbọ́dọ̀ yí ohunkóhun padà nínú iṣẹ́ àyàfi bí ẹnjiníà bá pàṣẹ tàbí tó fọwọ́ sí i.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn òfin ọjọ́ 28 yẹn kì í ṣe láti fi du agbaṣẹ́ṣe lówó. Bó bá sọ ọ́ lọ́jọ́ tí omi sun, onílé ṣì lè yan: ṣé ká gbẹ́ jìn sí i ni, ṣé ká fẹ ẹsẹ̀ ìpìlẹ̀ ni, ṣé ká fa ilé síwájú díẹ̀ ni. Bó bá sọ ọ́ lẹ́yìn dẹ́kìn, kò sí ohun tó kù fún onílé ju kó sanwó tàbí kó bínú.

Ẹ fún ara yín ní ọjọ́ méje péré fún ilé bíi tiyín. Ó tó.

Ohun kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu bà ni àkókò. Àyípadà kì í jẹ owó nìkan. Ẹ kọ ọjọ́ tó fi kún iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí ẹ má baà tún máa bá a jà lórí pé ó pẹ́.

OníléAkóbọ̀ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:18 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, bó tilẹ̀ ń ta mí.

Mo wá pláànù pílà bí Ẹnjiníà ṣe ní kí n ṣe. Èyí tó wà ní sáìtì, tí eruku sìmẹ́ǹtì ti bò, tí wọ́n fi ìṣó kàn mọ́ ògiri pákó, irin 12 milimítà mẹ́rin ló wà níbẹ̀ fún pílà méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni agbaṣẹ́ṣe ṣe é. Mo wá pe ẹnjiníà wa. Ó ní òun ti yí i padà nígbà tí a gbé tánkì omi lọ sí orí ibẹ̀, ó di irin 16 milimítà mẹ́fà. Ó ní òun fi pláànù tuntun ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Mo wá a. Ó wà níbẹ̀. Ọjọ́ 11 oṣù Kìíní. Mo ti dá a lóhùn pàápàá, mo kọ “Ẹ ṣeun sà”. Mi ò tẹ̀ ẹ́ jáde, mi ò fi ránṣẹ́ sí sáìtì. Ọjọ́ 16 ni wọ́n da pílà.

Èmi ni mo ní pílà yẹn. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń pe ọmọ ọlọ́mọ ní olè nínú ọkàn mi.

BíríkìlàÀgbà · 9:50 alẹ́

Ọlọ́run á bùkún yín fún òótọ́ yìí, ọ̀gá wa. Àwọn onílé tó máa ń jẹ́wọ́ báyìí ò wọ́pọ̀.

Ó kù díẹ̀ káàtó lọ́wọ́ ọmọ yẹn náà o. Ó yẹ kó ti kọ̀wé sí yín lọ́jọ́ tí omi sun, kó má dúró títí oṣù mẹ́ta. Àwa tí a ti dàgbà nínú iṣẹ́ yìí, ẹnu la fi ń ṣe gbogbo rẹ̀, ìtìjú onílé ni kì í sì jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó ní kíá. A á ní kó di ìgbà tí ilé bá yọ. Owó á wá gùn jọ. Mo ti fi irú ẹ̀ jìn sí kòtò lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tí onílé kọ̀ láti san, tí mi ò sì ní ìwé tí màá fi gbèjà ara mi. Láti ìgbà náà ni mo ti ní kí ọmọ mi máa bá mi kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní sáìtì lójoojúmọ́: iye èèyàn tó wá, bóyá òjò rọ̀, ohun tí onílé sọ, ẹni tó wà níbẹ̀.

ỌmọOlúyọ̀lé · 10:14 alẹ́

Mo gba ohun tí ẹ sọ nípa pílà, mo sì dúpẹ́ pé ẹ wò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbà pé igun omi yẹn jẹ́ ti onílé nìkan. Agbaṣẹ́ṣe tó wá wo ilẹ̀, tó rí i pé ó ṣẹ́ lọ sísàlẹ̀ lápá ẹ̀yìn, ó yẹ kó béèrè ìbéèrè kan ó kéré tán. Ẹ má jẹ́ kó bọ́ nínú ìyẹn.

QS_Bódìjà · Ọjọ́rú, 6:40 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín ní ìtumọ̀. Níbi tí ìwé àdéhùn ò ti sọ nǹkan kan nípa ilẹ̀, bí ẹ ṣe sọ ọ́ yẹn náà ni agbẹjọ́rò agbaṣẹ́ṣe àti ti onílé ṣe máa fà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n pẹ̀lú iye tó wà nínú àdéhùn, tí wọn ò fi èrè púpọ̀ lé e, ó máa ń rọrùn láti gbà fún ara wọn.

OníléAkóbọ̀ · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:25 ìrọ̀lẹ́

A ti jókòó. Sáìtì la lò, lórí àga pákó, wákàtí mẹ́ta. QS wa bá wa lórí fóònù, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tọkàntọkàn.

Mo kọ́kọ́ sọ fún agbaṣẹ́ṣe ohun tí mo rí nípa pílà. Ó dákẹ́ títí, lẹ́yìn náà ló ní, “Ẹ ṣeun, dádì.” Láti ìgbà náà ni ohùn méjèèjì ti rọlẹ̀.

Pílà, a ka irin, kọnkéré àti ọjọ́ iṣẹ́, ó di ₦310,000. Igun ẹ̀yìn, a rí àwòrán tí fóòmáànù yà, ọ̀pá ìwọ̀n wà nínú kòtò níbẹ̀: mítà 11 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mítà 7 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ó jìn ní ìlọ́po méjì èyí tó wà nínú pláànù. A ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú iye inú àdéhùn, a fi pọ́ǹpù ọjọ́ mẹ́rin kún un, a ò fi èrè lé e, ó di ₦1,080,000. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ìlà tí wọ́n fi ẹfun fà sílẹ̀ ni wọ́n kàn pa rẹ́ tí wọ́n tún fà, búlọ́ọ̀kù ò tíì dé ibẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló yọ ọ́ kúrò. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ku ₦1,150,000, mo sì san án láìjiyàn, nítorí ilẹ̀ ti gan kí èmi àti ìyàwó mi tó rántí rẹ̀. Sọ́kàwéè, gbígbẹ́ rẹ̀ ti wà nínú ₦38 mílíọ̀nù tẹ́lẹ̀, páìpù tó gùn sí i àti ihò àyẹ̀wò kan ló kù, ₦190,000.

Sìmẹ́ǹtì ló gba wákàtí kan gbáko. Àpò 300, ₦4,200, ₦1,260,000. Mo ní ká pín in sí méjì. Ó ní òun ò ní jẹ èrè kankan nínú ilé yìí mọ́ bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó sì fi ìwé owó tó yá hàn mí. Mo gbà láti san ìdá méjì nínú mẹ́ta, ₦840,000.

Àpapọ̀ rẹ̀ ₦3,570,000, àti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí ọjọ́ tí iṣẹ́ yẹ kó parí. Àwa méjèèjì fọwọ́ sí i. Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ aláwọ̀ búlúù kan ní Agodi Gate bí mo ṣe ń bọ̀, a kọ márààrún síbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ wọn, ó wà lọ́wọ́ fóòmáànù, èmi náà ní àwòrán ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Pláànù tó ti gbó, mo ya á kúrò lára ògiri fúnra mi, mo kan tuntun mọ́ ọn.

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi ní òun ń fẹ́ kí fèrèsé yàrá wa lókè fẹ̀ láti ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́fà. Mo pe sáìtì. Búlọ́ọ̀kù ò tíì dé ibẹ̀. Fóòmáànù ti kọ ọ́ sínú ìwé búlúù, nọ́ńbà kẹfà, agbaṣẹ́ṣe sì ní òun á mú iye irin líntẹ̀lì rẹ̀ wá lọ́jọ́ Ajé kí wọ́n tó to búlọ́ọ̀kù débẹ̀.